Tábìlì Ìjórin Kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó: Bó Ṣe Lọ́, Bí A Ṣe Tún Un Tò

Wẹ́dà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ni nígbà náà. Owó ṣọ́ọ̀bù ojú títì kò sí, ló bá sọ ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó di ibi iṣẹ́: páànù lórí òpó mẹ́rin, sìmẹ́ǹtì tí kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ́jú nílẹ̀, ẹ̀rọ ìjórin kékeré kan, ẹ̀rọ fáìlì kan tí a fi ń gé irin, tí a sì fi ń ré e, àti jẹnẹrétọ̀ tó yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí oníbàárà ṣì ń wá bá a. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ọ̀gá Kékeré.

Géètì àti irin ojú fèrèsé ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Òun ní tiẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ àti férémù tí wọ́n fi ń tẹ gàrí ló gbájú mọ́, ó sì mọ ìdí rẹ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú tó kan, tó gbẹ, tó kúná, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ lásán. Ẹ̀gẹ́ ní láti kúná lójú ẹ̀rọ, omi inú rẹ̀ sì ní láti ro dáadáa lábẹ́ jáàkì. Àwọn obìnrin tó ń ṣe é mọ ẹ̀rọ tó dáa ju ẹni tó kàn án lọ.

Àwọn obìnrin wọ̀nyí náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń rò: bẹ́líìtì ń fò. Ẹ̀rọ ìlọ-ẹ̀gẹ́ ní ẹ́ńjìnnì lápá kan, ìlù tí ń lọ ẹ̀gẹ́ lápá kejì, púlì kọ̀ọ̀kan sì wà lára wọn. Bí púlì méjèèjì ò bá dojú kọra lórí ìlà kan náà, bẹ́líìtì á máa ha ẹ̀gbẹ́ púlì, á gbóná, á fò kúrò tàbí kó já. Ọ̀gá Kékeré kọ́kọ́ dá púlì lẹ́bi. Ó dá ẹni tó ta bẹ́líìtì lẹ́bi. Díẹ̀ ló kù kó dá àwọn obìnrin náà lẹ́bi pé wọn ò mọ ẹ̀rọ lò.

Ọ̀rẹ́ mi ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ìyẹn ló fi wá bá mi. Mo ní kó gbé férémù kan tí kò tíì kùn lọ sí fàráńdà aládùúgbò tí wọ́n fi táìsì sí. A gbé e kalẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta fi ara kanlẹ̀, ẹsẹ̀ kẹrin dúró sókè, ìka ọwọ́ mi sì wọ abẹ́ rẹ̀. A tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀, èyí tó wà ní igun tó dojú kọ ọ́ dìde. Férémù lọ́. Ẹ́ńjìnnì tó bá jókòó lórí irú férémù bẹ́ẹ̀ á máa wo ibòmíràn, ìlù á máa wo ibòmíràn.

Ibi tó ti wá kò pamọ́. Orí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ló ti ń to irin. Ọ̀kan ga ju èkejì lọ, òmíràn sì ti rì díẹ̀ sínú ilẹ̀ pupa nígbà òjò. Irin tí a bá ta ní tákì, ìyẹn ìjórin kékeré tó kọ́kọ́ ń di irin mú, lórí ohun tó wọ́, wíwọ́ yẹn ló máa gbé relé oníbàárà. Fáìlì ò lè mú un kúrò, ọ̀dà ò sì lè bò ó.

Mo ní tábìlì ló nílò. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ti wà lọ́kàn mi tipẹ́. Èyí tó máa le gan-an ni mo fẹ́ ṣe, tí tírélà bá gùn ún kò ní mì.”

Ọ̀rọ̀ tírélà yìí ló ṣì í lọ́nà. Tábìlì lè le kó má tẹ́jú, títẹ́jú ló sì ń wá.

Pèléètì

Ògíjo, lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Ìkòròdú, la lọ, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ àlòkù irin pọ̀ sí, tí àwọn tó ń ta irin sì wà káàkiri. Ó fẹ́ pèléètì 10 mílì, fíìtì 4 ní gígùn, fíìtì 2 ààbọ̀ ní ìbú. Mi ò bá a jiyàn lórí ìyẹn. Bí nínípọn irin bá di ìlọ́po méjì, agbára tí yóò tẹ̀ ẹ́ á di ìlọ́po mẹ́jọ, torí náà ìyàtọ̀ tó wà láàárín 5 mílì àti 10 mílì kì í ṣe kékeré. Ìwúwo ni a fi ń ṣírò owó rẹ̀: ìwọ̀n tó ń wá yìí á wọ̀n tó kìlógíráàmù 73, nígbà tí 6 mílì á wà ní nǹkan bíi 44. Ènìyàn méjì lè gbé 73 bí wọ́n bá jẹun yó. Ẹni tó ń jó férémù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan, 6 mílì tó fún un bí àwọn irin tó dábùú lábẹ́ rẹ̀ bá sún mọ́ra.

Ọkùnrin tó ń tajà kọ́kọ́ fa èyí tó ní kókó-kókó lójú jáde fún wa, irú tí wọ́n fi ń ṣe ilẹ̀ ọkọ̀ àti àtẹ̀gùn kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀. Owó rẹ̀ rọ̀. Kò wúlò fún wa, torí irin tí a bá gbé lé e á jókòó lórí kókó kan, á fo òmíràn. Èkejì dán lójú, ṣùgbọ́n gáàsì ni wọ́n fi gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gígùn kan, ẹ̀gbẹ́ yẹn sì ti tẹ̀. Iná gáàsì tó gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá á mú kí ẹ̀gbẹ́ náà wú. Nígbà tó bá tutù, á súnkì ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, á sì fa pèléètì tẹ̀ lé ara rẹ̀.

A fi réèǹjì bíríkìlà, ọ̀pá gígùn tó tọ́, tí mo gbé dání wò ó, ni ọkùnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pé ṣé ilé la fẹ́ kọ́ ni. Réèǹjì dára fún irú iṣẹ́ yìí bí òun fúnra rẹ̀ bá tọ́. Bí a ṣe ń mọ̀ nìyí: fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fa ìlà sórí pákó, yí i padà kí ẹ̀gbẹ́ kan náà wá láti apá kejì, kí o sì tún fa ìlà lórí ibẹ̀. Bí ìlà méjèèjì bá bo ara wọn, réèǹjì tọ́. Bí wọ́n bá yà bí ètè tó la, wá òmíràn. Ẹ̀kẹta tí wọ́n fà jáde ni a rà. Kò sí àbùkù tó pọ̀ lára rẹ̀ ju ìpẹtà lọ.

Tábìlì àkọ́kọ́

Mo ti bá a sọ̀rọ̀ nípa bí yóò ṣe to férémù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gbé mi lọ sí Èkó, òun náà ò sì lè dúró. Ohun tó ṣe ni èyí tí ọ̀pọ̀ wẹ́dà máa ṣe bí a bá fún wọn níṣẹ́ yìí lónìí, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó gé áńgù 2 íǹṣì (irin tó ká bíi lẹ́tà L), ó tò ó sórí sìmẹ́ǹtì, ó fi síkúẹ̀ wo igun kọ̀ọ̀kan, ó sì ń jó igun kan tán pátápátá kó tó lọ sí èkejì. Lẹ́yìn náà ó fi téèpù wọ̀n ọ́n láti igun dé igun níbùú. Méjèèjì dọ́gba. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i, ó fi irin mẹ́ta dábùú àárín, ó gbé pèléètì lé e. Pèléètì ò jókòó dáadáa ní igun kan, ló bá fi kíláàǹpù fún un mọ́lẹ̀. Ó kó sábẹ́ tábìlì, ó fi electrode (ọ̀pá irin tín-ín-rín tí iná ìjórin ń yọ́) gèéjì 10 jó o yíká láìdáwọ́ dúró, ó sì jó àwọn irin àárín náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú ìjórin náà dára. Mi ò lè purọ́ mọ́ ọn, ọmọ náà mọ iná lò.

Ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Lọ́jọ́ kejì ó pè, ohùn ti yí padà. Férémù tuntun tó tò sórí tábìlì náà tún lọ́.

Kí n tó dé, ó ti gbìyànjú àtúnṣe. Ó fi òòlù ńlá lu ibi tó rí pé ó yọrí, ohun tó sì jèrè níbẹ̀ ni ojú òòlù tó ṣí sílẹ̀ lára pèléètì bí ojú owó ẹyọ. Ó yá gáàsì, ó fi iná rẹ̀ mú ibì kan gbóná láàárín, ibẹ̀ wá burú sí i. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gbà á níyànjú pé kó ra 12 mílì, kó jó o mọ́ orí èyí tó wà nílẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó ti ń fi ojú sílẹ̀ láti ọjọ́ tí irin ti gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, sọ nígbà tí mo wọlé pé, “Ẹ bá mi bi í o, bàbá. Tábìlì tó ń kàn yìí, ṣé ẹnì kan máa fi jẹ oyè ni?”

Mo gbé réèǹjì lé ojú tábìlì, mo sì ní kí Ọ̀gá Kékeré tan iná fóònù sí ẹ̀yìn rẹ̀. Òkùnkùn ti ń ṣú, ó dára fún wa. Níbi tí áńgù wà lábẹ́, iná ò yọ. Láàárín áńgù kan sí èkejì, iná yọ fẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹ̀gbẹ́, ó sì fẹ̀ ní àárín. Létí tábìlì, níbi tí pèléètì ti yọ kọjá férémù, iná tún yọ. Ó wò ó, ó dákẹ́. A sún réèǹjì síwájú, bákan náà. Gbogbo ibi tí irin wà lábẹ́ ló yọrí, gbogbo ibi tí kò sí irin ló wọlé, bí ìhà màlúù tí ebi ti ń pa bọ̀ láti òkè ọya.

Ohun tó fà á nìyí. Irin tó yọ́ lójú iná ìjórin gbóná tó nǹkan bíi 1,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó ti ń tutù ló ń súnkì, ó sì ń fa ohun tó dì mú. Mítà irin kan tó gbóná ní ìwọ̀n 100 péré máa ń gùn sí i ní mílímítà kan ó lé díẹ̀. Ẹ wo ohun tí 1,500 máa ṣe. Abẹ́ pèléètì ni ìjórin wà, abẹ́ ni súnkì yẹn ti wáyé, torí náà pèléètì tẹ̀ sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì gbogbo ojú ìjórin tó jẹ́ aláìdáwọ́dúró. Bí ìjórin bá ṣe gùn tó, tó sì sanra tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe fà tó. Ojú ìjórin tó dára tí ọmọ náà fi ń yangàn ló tẹ tábìlì rẹ̀.

Ìyẹn ni àbùkù kan. Èkejì ló le jù, torí téèpù ò lè rí i.

Mo ní kó mú okùn tín-ín-rín méjì wá pẹ̀lú nọ́ọ̀tì mẹ́rin tó jẹ́ ìwọ̀n kan náà. A gbé nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan lé igun tábìlì, a fa okùn àkọ́kọ́ láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́, a fa èkejì lórí igun méjì tó kù, kí wọ́n fi dábùú ara wọn láàárín. Bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà lójú ilẹ̀ kan, okùn méjèèjì á kan ara wọn lásán níbi tí wọ́n ti pàdé, láìtẹ ara wọn. Tiwa ò kan ara wọn rárá. Ìka mi kọjá láàárín wọn. Bí èyí tó wà lókè bá sì tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀, lílọ́ náà ni, ó kàn gba apá kejì lọ ni. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí a pààrọ̀ okùn, kí tìsàlẹ̀ di tòkè, ká tún wò ó.

“Ṣùgbọ́n mo wọ̀n ọ́n láti igun dé igun, ẹ̀gbọ́n. Ó dọ́gba.”

Ó dọ́gba lóòótọ́. Wíwọ̀n igun dé igun máa ń sọ fún wa bóyá férémù ti ya sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò lè sọ fún wa pé igun kan ga ju mẹ́ta yòókù lọ. Férémù rẹ̀ ti lọ́ láti orí sìmẹ́ǹtì tó ti tò ó, ó sì tún lọ́ sí i bó ṣe ń jó igun kọ̀ọ̀kan tán kó tó kan èkejì. Nígbà tí pèléètì kọ̀ láti jókòó, pèléètì ló ń sọ òtítọ́; òun ló wá fi kíláàǹpù pa á lẹ́nu mọ́, tó sì fi iná lẹ̀ ẹ́.

Títú u palẹ̀

Ó dùn ún láti fi fáìlì gé iṣẹ́ ara rẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀. Ó bi mí bóyá a ò lè fi 12 mílì yẹn bò ó bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe wí. Mo ní bó bá jó 12 mílì mọ́ férémù tó lọ́, 12 mílì ló máa lọ́, yóò kàn ná an lówó jù ni. Ó mú dísìkì ìgé, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì.

Apá tó gùn ló kọ́kọ́ gé. Bó ṣe kù díẹ̀ kó dé òpin, pèléètì ké pàù! lórí wa, dísìkì fẹ́ há, ó sì fa ọwọ́ sẹ́yìn kíákíá. Agbára tí ìjórin ti kó pamọ́ sínú irin ló jáde yẹn. Ẹni tó bá ń tú irú iṣẹ́ yìí, kó gé e díẹ̀díẹ̀ káàkiri, kó má gbé ojú sún mọ́ ọn, kó sì fi igi gbé pèléètì ró kó tó gé èyí tó gbẹ̀yìn. Kìlógíráàmù 73 lórí àyà ènìyàn kì í ṣe eré.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ já, tí a fi fáìlì ré ìyókù ìjórin kúrò, a gbé réèǹjì lé pèléètì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sípò. Ibi òòlù àti ibi gáàsì nìkan ló ṣì yàtọ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà yí padà fún un. Ó ti rò pé irin rẹ̀ ò dára, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé kò sóhun tó ṣe irin náà.

A wá to tábìlì náà ní ìdojúdé. Ibi tó tẹ́jú jù lọ ní gbogbo ẹ̀yìnkùlé yẹn ni pèléètì fúnra rẹ̀, kí ló dé tí a ó tún máa to férémù sórí sìmẹ́ǹtì? A dojú pèléètì délẹ̀ sórí pákó mẹ́ta, a fi páànù gígé kéékèèké sábẹ́ pákó títí okùn méjèèjì fi kan ara wọn fẹ́ẹ́rẹ́. Lórí ẹ̀yìn pèléètì yìí ni a to áńgù sí. Ọ̀kan nínú áńgù àtijọ́ ti tẹ̀ kọjá àtúnṣe, a pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn yòókù la tún lò. Kíláàǹpù la fi mú wọn mọ́ pèléètì. A ò jó ohunkóhun mọ́ ọn.

A ta gbogbo igun ní tákì kékeré pẹ̀lú gèéjì 12, tó tín-ín-rín ju 10 lọ, a tún wọ̀n ọ́n, a tún ta okùn. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó jó o, kò sì tẹ̀ lé bí igun ṣe tò. Ó fi ẹfun kọ 1, 2, 3, 4 yíká. Ó jó 1 ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó kọjá sí 3, ó padà sí 2, ó lọ sí 4, ó sì dúró kí ọwọ́ lè gbà á kó tó padà wá jó ẹ̀gbẹ́ kejì igun kọ̀ọ̀kan. Ìdúró yẹn ló nira fún un jù. Ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ó ń wo jẹnẹrétọ̀ tó ń jẹ epo lásán. Mo ní kó pa á. Irin tó tutù fúnra rẹ̀ sàn ju èyí tí a da omi lé lórí, tó wá lọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹsẹ̀

Páìpù funfun tí wọ́n yọ kúrò nídìí kànga bọ́hóòlù kan ló fẹ́ fi ṣe ẹsẹ̀. Ó nípọn, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo kọ̀ fún un bí kò bá kọ́kọ́ ré funfun yẹn kúrò dé ibi tí iná ìjórin ò ní dé. Síńkì ló wà lára páìpù bẹ́ẹ̀. Bí iná bá kàn án, á di èéfín funfun, ẹni tó bá fà á símú dáadáa á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni ibà ń ṣe. Ọ̀pọ̀ wẹ́dà ló gbà pé mílíìkì ló ń pa á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mílíìkì ò dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ré e kúrò, ẹ jó o níta níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ẹ dúró sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. Ó lo ọjọ́ kan gbáko lórí ríré yẹn, mo sì rò pé bí mo bá jẹ́ òun, màá ra páìpù dúdú tí kò ní síńkì lára.

Gíga tábìlì, ó ti mú íǹṣì 36 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò ga tó ẹni tó kọ ìyẹn. Mo ní kó dúró, kó ká ìgbọ̀nwọ́ bí ìgbà tó di electrode mú, a sì gé ẹsẹ̀ kí ojú tábìlì wà díẹ̀ sísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó bọ́ sí 34.

Ìdí ẹsẹ̀ ṣe pàtàkì ju gíga lọ. Ẹsẹ̀ mẹ́rin lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, mẹ́ta péré ló ń ṣiṣẹ́, ìwúwo á sì máa fa férémù lọ́ láti wá ilẹ̀ fún ẹ̀kẹrin. Nítorí náà a jó nọ́ọ̀tì ńlá mọ́ ìdí páìpù kọ̀ọ̀kan, a sì yí bóòtù ¾ íǹṣì wọ inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Orí bóòtù ló ń tẹ ilẹ̀. Bí igun kan bá rẹlẹ̀, sípánà la ó fi gbé e. Ó ti fẹ́ fi táyà kéékèèké sí i kó lè máa tì í wọlé bí òjò bá ń bọ̀. Mo ní kó fẹ páànù orí rẹ̀ síwájú dípò ìyẹn.

Pèléètì lórí férémù

A gbé férémù dìde, a mú un dọ́gba pẹ̀lú lẹ́fẹ̀lì àti okùn, a wá gbé pèléètì lé e. Ó jókòó. Ní igun kan ṣoṣo ni ó ti mì díẹ̀, a sì fi páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Lórí bí a ṣe máa dì í mú ni àríyànjiyàn ti ṣẹlẹ̀. Àwọn wẹ́dà kan máa ń ta ìjórin íǹṣì kan kan sí ibi mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lábẹ́, kò sì burú, torí ó kéré, fáìlì sì lè gé e lọ́jọ́ tí a bá fẹ́. Èmi fara mọ́ bóòtù. Pèléètì tí bóòtù dì mú ṣeé tú, ṣeé fi páànù gbé sókè lápá kan, ṣeé yí padà bí ojú kan bá bàjẹ́. Ọ̀gá Kékeré ní irin yíyọ́ tó ń ta máa wọ inú ihò bóòtù. Òótọ́ ni, á máa wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ó gbé pèléètì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lo ẹ̀rọ léètì ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n lu ihò mẹ́fà sí i, wọ́n sì fẹ ẹnu ihò kí orí bóòtù lè rì wọlé. Èyí ló ná an lówó jù lẹ́yìn pèléètì.

Nígbà tí a dè é, ojú tí òòlù ti bà jẹ́ wà nísàlẹ̀. Réèǹjì àti iná fóònù: fẹ́ẹ́rẹ́ kan ló yọ ní apá òsì, níbi tí gáàsì ti kàn án, tí kò ju nínípọn káàdì fóònù lọ. Fún ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́, ìyẹn tó. Bó bá jẹ́ pé ó ń ṣe ohun èlò tí ń gba ìwọ̀n tó péye gan-an ni, mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà fẹ́ ba nǹkan jẹ́ díẹ̀. Ó ti kun férémù, ó dára. Ó wá kun ojú tábìlì náà ní dúdú tó ń dán kó tó pè mí wá wò ó. Ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá, ọwọ́ ẹ̀ẹ́tì (èyí tí iná ń gbà padà sínú ẹ̀rọ ìjórin) tó fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ pèléètì ò di ohunkóhun mú, iná wá ń já, electrode ń lẹ̀, èéfín ọ̀dà sì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ìyá rẹ̀ ní kí a má jẹ́ kó wọ inú gàrí òun. Ó fi fáìlì ré e kúrò. Láti ìgbà náà, ọ́ìlì díẹ̀ lórí àkísà ló ń fi nù ún lálẹ́ kí ìpẹtà má bàa mú un, pàápàá láàárín oṣù òjò. Bí àárọ̀ bá mọ́, á tún nù ún gbẹ kó tó dá iná. Ó jó ẹ̀là irin kékeré kan mọ́ ẹsẹ̀ férémù, ibẹ̀ ni ọwọ́ ẹ̀ẹ́tì ń gbé báyìí. Bóòtù tó mú pèléètì mọ́ férémù ni iná ń gbà kọjá, nítorí náà ibi tí wọ́n ti fara kan ara wọn kò gbọdọ̀ ní ọ̀dà.

Ohun tí ẹlẹgbẹ́ wa lè mú níbẹ̀

Férémù ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ àkọ́kọ́ tó jáde lórí tábìlì tuntun yìí, a gbé e lọ sórí táìsì aládùúgbò. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kanlẹ̀. Ó fi okùn kọjá lójú púlì méjèèjì, okùn sì kan etí wọn ní ibi mẹ́rin. Ẹni tó rà á kò tíì padà wá fún ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì. Èyí tó ti tà tẹ́lẹ̀, ó gbà méjì lára wọn padà, ó gé igun wọn, ó tún wọn tò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún dùn lẹ́nu àwọn obìnrin náà.

Ní tèmi, ìbéèrè tó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ ṣe irú tábìlì yìí ni pé orí kí ni yóò ti tò ó. Bó bá dáhùn pé orí ilẹ̀ ni, iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ká wá ohun tó tẹ́jú lákọ̀ọ́kọ́, ìbáà jẹ́ pèléètì fúnra rẹ̀ tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ká sì fi okùn méjì yẹn wò ó kí a tó ta tákì, lẹ́yìn tákì, àti lẹ́yìn ìjórin. Okùn ò wọ́n. Bíríkìlà ń ta okùn kó tó gbé búlọ́ọ̀kù kan lélẹ̀. Àwa wẹ́dà la máa ń gbẹ́kẹ̀ lé ojú lásán.

Ẹ̀kejì, ẹ má jó pèléètì mọ́ férémù yíká, bó ti wù kó wù yín tó. Tábìlì ò gbé omi, kò sì ní jò. Ibi mẹ́fà tó dì í mú dáadáa tó fún un. Bí ẹ bá sì rí i pé pèléètì ò jókòó, férémù ni kí ẹ lọ wò, ẹ má mú kíláàǹpù.

Fún ẹni tó máa ń lu irin gan-an, kó ní ibòmíràn tí yóò ti máa lù ú. Ọ̀gá Kékeré ti ri gbòǹgbò igi kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó páànù, ó de ègé irin ojú irin rélùwéè kan mọ́ orí rẹ̀. Orí rẹ̀ ló ti ń tọ́ irin tó tẹ̀. Òòlù ò dé ojú tábìlì mọ́.

Wẹ́dà kan láti Orù ti wá wo tábìlì náà, ó sì fẹ́ kó bá òun ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n 20 mílì ló ní òun ń fẹ́. Ọ̀gá Kékeré ṣírò rẹ̀ fún un: kìlógíráàmù 146, ènìyàn mẹ́rin ló máa gbé e, àwọn tó ń lo léètì á sì gba owó mìíràn lórí ihò. Wọ́n ṣì ń ná an. Ó ti sọ fún ọkùnrin náà pé bó bá jẹ́ 20 náà ló fẹ́, òun á ṣe é, ṣùgbọ́n lórí bóòtù ni yóò jókòó.